Àláàmù Ilé Yín: Bí Olè Bá Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn Án, Ṣé Yóò Lè Ké?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ìdílé tó ń gbé ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀, yálà ẹ wà ní Stone Mountain, Lithonia, Lawrenceville, Austell tàbí Riverdale, pàápàá àwọn ilé tí bàbá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán tí ìyá ń ṣe iṣẹ́ òru, tí ilé sì máa ń ṣófo fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Púpọ̀ nínú wa ti ra àláàmù. A ti ri pátákó kékeré mọ́ iwájú ilé, a ti lẹ sítíkà mọ́ fèrèsé, owó sì ń kúrò ní báǹkì wa lóṣooṣù. Ìbéèrè tí a kì í sábà bi ẹni tó tà á fún wa nìyí: bí olè bá mọ̀ pé àláàmù wà nílé yìí, tó sì kọ́kọ́ dojú ìjà kọ àláàmù náà kó tó kan ẹrù wa, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Ìránṣẹ́ ni àláàmù, kì í ṣe ògiri

Nílé, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ohun tí a mọ̀ sí ààbò ni ògiri gíga tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, irin ojú fèrèsé, ajá, mégáàdì, àti ọdẹ àdúgbò tó ń fọn fèrè lóru. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń dí olè lọ́nà. Àláàmù kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kò ní ọwọ́ tó fi lè di ilẹ̀kùn mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí ẹni tó wọlé, kó sì ránṣẹ́ síta. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níta tó máa gbọ́ iṣẹ́ náà, tó sì máa dìde. Olè tó bá fẹ́ ba àláàmù jẹ́ kò nílò láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá ti lè fọ́ ọ lójú, tàbí kó gé e láhọ́n, tàbí kó jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ kọ etí dídi sí i, ó ti parí.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin tó ń ta àláàmù bá ń fọ́nnu fún yín nípa bí fèrè rẹ̀ ṣe ń dún tó, ẹ jẹ́ kó fọ́nnu tán, kí ẹ wá bi í léèrè ọ̀nà tí ìránṣẹ́ náà ń gbà jáde nílé.

Ohun tí àwọn olè fúnra wọn sọ

Àwọn àgbà ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì North Carolina tó wà ní Charlotte gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti bi ènìyàn 422 tó wà lẹ́wọ̀n nítorí ilé fífọ́ ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Kentucky àti Ohio ní ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn. Nǹkan bí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn máa ń wò ó bóyá àláàmù wà kí àwọn tó gbìyànjú ilé kan. Nǹkan bí ìdá 60 sọ pé bí àwọn bá rí i pé ó wà, ilé mìíràn ni àwọn á wá lọ.

Ẹ mọ̀ o, pé àjọ ìwádìí ti àwọn oníṣòwò àláàmù ló fún wọn lówó ìwádìí yìí. A kò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu kì í sọ pé ẹmu òun kan. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá, ó túmọ̀ sí pé pátákó iwájú ilé yín ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà láìsí pé àláàmù dún rárá. Ìdajì yòókù, ìyẹn àwọn tí pátákó kò lé lọ, ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí olè ń lò

Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ ṣílẹ̀kùn, àláàmù bẹ̀rẹ̀ sí dún pí-pí-pí, ẹ sì ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, nígbà mìíràn 60, láti tẹ kóòdù yín. Tiyín ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olè náà ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ọpọlọ àláàmù, pátákó tí ẹ ń tẹ nọ́ńbà sí, fèrè, àti rédíò tó ń ránṣẹ́ síta bá wà pọ̀ nínú ike kan ṣoṣo tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, olè á ta ilẹ̀kùn nípàá, á tẹ̀ lé ohùn pí-pí-pí yẹn débi tó wà, á sì fi òòlù fọ́ ọ kí àsìkò tó pé. Ìránṣẹ́ kú kó tó lanu. Àwọn oníṣẹ́ àláàmù mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, crash and smash ni wọ́n ń pè é.

Àtúnṣe rẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ọpọlọ àláàmù wà níbòmíràn, bóyá nínú yàrá ìkẹ́rù ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó jẹ́ pátákó nọ́ńbà nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí olè bá fọ́ pátákó, ọpọlọ á ṣì máa kà: 28, 29, 30, á sì ké. Ohun kejì wà fún àwọn tí àláàmù wọn jẹ́ ike kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú irú èyí lè ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí pé “ẹnìkan ti wọlé o”. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ àláàmù kò bá wá gbọ́ pé ẹ ti tẹ kóòdù láàárín àsìkò tí wọ́n dá, wọ́n á kà á sí olè, bí àláàmù náà tilẹ̀ ti fọ́ yángá. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín, ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé tiwa ní èyí? Ṣé ẹ ti ṣí i sílẹ̀?” Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ó wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tan án.

Wáyà ara ògiri, àti rédíò tó ti kú sínú àpótí

Láyé àtijọ́, wáyà tẹlifóònù ni àláàmù fi ń ránṣẹ́. Ní Atlanta, wáyà BellSouth ni, ilé-iṣẹ́ tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà níbí títí AT&T fi rà á ní ìparí 2006. Wáyà yìí máa ń wọlé láti inú àpótí eérú kan tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé níta, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní àlùmọ́gàjí ti lè gé e. Olè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn ilé kó tó wá síwájú. Fèrè inú ilé lè dún, ṣùgbọ́n bí àwọn aládùúgbò bá ti lọ síbi iṣẹ́, ta ló gbọ́?

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi rédíò sẹ́lúfóònù sínú àláàmù. Ó dára gan-an, kò sí wáyà tí wọ́n máa gé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ṣe ń pààrọ̀ ni rédíò inú àláàmù ń di òkú. AT&T pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G rẹ̀ nígbà tí 2016 ń parí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, 2022, ó pa 3G pẹ̀lú, Verizon sì pa tirẹ̀ nígbà tí ọdún yẹn parí. Àláàmù tí rédíò rẹ̀ jẹ́ 3G, tí kò sì ní ọ̀nà mìíràn, kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn, fèrè rẹ̀ ṣì ń dún, ó ṣì ń sọ fún yín pé òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Olè kankan kò bá a jà, síbẹ̀ ó ti yadi.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wá pààrọ̀ rédíò náà. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe lẹ́tà: ìwé tó bá ti rí bí ìpolówó, inú agbọ̀n ìdọ̀tí ni. Bí àláàmù yín bá ti wà lára ògiri ṣáájú 2022, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá ṣí i láti ìgbà náà, ẹ má sun oòrun òní kí ẹ tó bèèrè pé rédíò wo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé tí ẹ bá àláàmù ẹlòmíràn lára ògiri, tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àláàmù ti òde òní sábà máa ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gba ara ògiri níta wọlé, òun náà ṣeé gé. Èyí tó dára jù ni kí àláàmù ní ọ̀nà méjì, íntánẹ́ẹ̀tì àti rédíò sẹ́lúfóònù, kí ọ̀kan máa ṣe ẹ̀yìn fún èkejì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ láti bèèrè: ẹ̀ẹ̀mélòó ni ilé-iṣẹ́ náà ń pe àláàmù yín láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè? Àdéhùn mìíràn, ìṣẹ́jú mélòó kan síra. Àdéhùn mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, tí olè gé e lẹ́nu ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó lè di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Iná mànàmáná

Ọ̀pọ̀ ilé ní Georgia ni mítà àti ohun tí a fi ń pa iná gbogbo ilé wà lára ògiri ìta. Òfin iná mànàmáná orílẹ̀-èdè yìí, láti ẹ̀dà ti 2020, tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ilé tuntun ní ohun ìpaná sí ìta, kí àwọn panápaná lè rí i lò. Ohun tó ran panápaná lọ́wọ́ yìí, olè náà lè lò ó. Bátìrì ló yẹ kó gba ipò iná. Ìlànà UL, àjọ tó ń dán irú ẹ̀rọ báyìí wò, béèrè pé kí bátìrì àláàmù olè ilé gbé e fún wákàtí 4 ó kéré tán, èyí tó bá tún ń ṣọ́ iná ilé jíjó gbọ́dọ̀ gbé e fún 24.

Bátìrì ọ̀hún ni ìṣòro. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ó ń lò, lẹ́yìn náà ó di òkúta. Nígbà tó bá ń kú lọ, pátákó nọ́ńbà á máa dún kíní-kíní lóru, àwa ọmọ Nàìjíríà á sì tẹ ibi kan kó lè dákẹ́, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó kékeré ni. Kí ẹ sì rántí pé bí àláàmù tilẹ̀ ní bátìrì, modem íntánẹ́ẹ̀tì yín kò ní àfi bí ẹ bá ra bátìrì fún òun náà. Iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà náà lọ.

Olè tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan

Àláàmù tí kò ní wáyà ló pọ̀ jù nílé àwọn ènìyàn wa báyìí, nítorí ó rọrùn láti gbé sí ilé tí a háyà. Sẹ́ńsọ̀ ara ilẹ̀kùn máa ń fi ìgbì rédíò bá ọpọlọ àláàmù sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ọlọ́pàá méjì bá ń fi wokí-tokí pe ara wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó bá a mu lè tẹ́tí gbọ́ wọn. Ó tún lè pariwo bo ohùn wọn mọ́lẹ̀.

Ní 2014, Logan Lamb, tó ń ṣèwádìí ní Oak Ridge National Laboratory ní Tennessee nígbà náà, fi hàn pé àwọn àláàmù ilé kan tó lókìkí, tó fi mọ́ ti ADT àti Vivint, ń sọ̀rọ̀ ní gbangba láìfi àṣírí kankan bò ó, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sẹ́ńsọ̀ wọn gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe fún un láti mú kí àláàmù ké nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ó sì ṣeé ṣe láti mú kó dákẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ará Atlanta lè rántí orúkọ rẹ̀ níbòmíràn: òun ló rí i ní 2016, nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Bastille níbí, pé kọ̀ǹpútà ètò ìdìbò Georgia tó wà ní Yunifásítì Kennesaw State ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ti àláàmù, àwọn oníbàárà gbé ADT lọ sí kóòtù, ó sì gbà ní 2017 láti san mílíọ̀nù 16 dọ́là láti parí ẹjọ́.

Ọdún 2016 yẹn kan náà ni Andrew Zonenberg ti ilé-iṣẹ́ IOActive fi hàn pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ kékeré pamọ́ sítòsí ilé tó ń lo SimpliSafe ti ìgbà náà lè gba ohun tí pátákó nọ́ńbà sọ sílẹ̀ nígbà tí onílé ń tẹ kóòdù, kó sì tún un sọ padà lọ́jọ́ tí onílé bá rìnrìn-àjò. Kò nílò láti mọ kóòdù náà rárá. Àwọn tó ti wà nílé oníbàárà kò sì ṣeé tún ṣe láti òkèèrè, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àláàmù àlòkù tó pọ́ọ́kú níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù níwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ariwo tó ń bo ohùn mọ́lẹ̀ ni jammer. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1934 lórí ìbánisọ̀rọ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tà á tàbí lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tí òfin kọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń tà á. Ní 2024, àwọn ọlọ́pàá ìlú Edina ní Minnesota sọ pé àwọn fura pé àwọn tó ń fọ́lé níbẹ̀ ń dí Wi-Fi kí kámẹ́rà má baà ríran. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà Wi-Fi tó ń gbé gbogbo àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ gbójú lé, ẹ wá èyí tó ní káàdì tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, tàbí èyí tó ní wáyà. Ní ti àláàmù, ọ̀pọ̀ ló lè mọ̀ pé wọ́n ń pariwo bo òun, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń pa apá yẹn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n tan án. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “sẹ́ńsọ̀ yín ń jíṣẹ́ fún àpótí ní wákàtí-wákàtí”, pé ìyẹn ti tó. Àpótí mìíràn máa ń dúró fún wákàtí 12 tàbí 24 kó tó kéde pé sẹ́ńsọ̀ kan sọ nù, olè kò sì nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ní àláàmù oníwáyà náà ní tiwọn. Wọ́n máa ń fi ohun tíńtín kan tí à ń pè ní resistor sí òpin wáyà kọ̀ọ̀kan, kí àláàmù lè mọ̀ bí ẹnìkan bá gé wáyà náà tàbí so ó pọ̀. Ìdí sẹ́ńsọ̀ lọ́hùn-ún ni ó yẹ kó wà. Oníṣẹ́ tó ń kánjú á kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, níbi tí kò ti wúlò fún nǹkan kan bí wọ́n bá so wáyà pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ ní kó ṣí i kí ẹ rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má tìtorí gbogbo èyí pàdánù oorun. Ẹsẹ̀ àti ọ̀pá irin ni ọ̀pọ̀ olè ṣì ń lò. Bí ẹnìkan bá ní ọgọ́rùn-ún dọ́là kan péré, ìmọ̀ràn wa ni pé kó kọ́kọ́ ná an sára ilẹ̀kùn. Irin pẹlẹbẹ ara férémù tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ sábà máa ń jẹ́ síkùrù kéékèèké ló dì í mú, ìpá kan ṣoṣo á sì tú u. Ẹ fi síkùrù gígùn ínǹṣì 3 rọ́pò rẹ̀, kó wọ inú igi ògiri lọ́hùn-ún. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Kóòdù àti àwọn tó mọ̀ ọ́n

Ìyá wa á ti Nàìjíríà dé láti wá bá wa wẹ ọmọ. Mọ́mì kò gbọ́ èdè pátákó nọ́ńbà. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti yẹ ọgbà wò, àláàmù ké, ara wọn gbọ̀n, ọlọ́pàá dé. Láti ọjọ́ náà, a ò tan àláàmù mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ rí i pé kò sí olè tó lè ba àláàmù jẹ́ tó báyìí. Ẹ fún Mọ́mì ní kóòdù tiwọn, nọ́ńbà tí wọn kò ní gbàgbé, kí ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí ẹ sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń tan èyí tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé nìkan nígbà tí ènìyàn bá wà nílé.

Kóòdù kan ṣoṣo tí bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ẹni tó ń bá wa tún ilé ṣe jọ ń lò kì í ṣe kóòdù mọ́. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹ sì pa tàlejò rẹ́ lọ́jọ́ tó bá kó lọ. Kóòdù oníṣẹ́ tó ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ náà wà, ó wà nínú ìwé ìtọ́ni tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ní ìpínlẹ̀ Texas, òṣìṣẹ́ ADT kan fi ímeèlì ara rẹ̀ kún àkáǹtì àwọn oníbàárà nígbà tó ń bá wọn ṣe àláàmù. Ó wo kámẹ́rà nǹkan bí 200 ilé, ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ẹgbẹ̀rún (9,600), láàárín ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 52 ní 2021. Ẹ wọ inú áàpù yín lónìí, ẹ wo orúkọ àti ímeèlì gbogbo ẹni tó lè wọ ibẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́.

Irú olè kan tún wà tó ń fi ẹ̀wù tó dáa kan ilẹ̀kùn: “Ilé-iṣẹ́ yín ló rán wa, a fẹ́ fi tuntun rọ́pò èyí.” Nígbà tí ẹ ó bá fi mọ̀, ẹ ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ sì ń san owó méjì. Ẹ má jẹ́ kó wọlé, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé owó yín. Ní Georgia, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ àláàmù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ fún iṣẹ́ wáyà kéékèèké, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LV, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i nínú ilé yín, òfin ìjọba àpapọ̀ fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti kọ̀wé pé ẹ kò ṣe mọ́, bí ọjà náà bá tó dọ́là 25.

Ta ló máa wá?

Ìwé ìtọ́ni kan tí Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2002 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìpè àláàmù olè tó ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, 94 sí 98 ló jẹ́ ìpè òfo. Olè mọ èyí. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà: ó á mú kí àláàmù ké, á sá pamọ́, ọlọ́pàá á wá, á lọ. Á tún mú un ké. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, onílé á pa á fúnra rẹ̀ kó lè sùn. Bí àláàmù yín bá ń ké láìnídìí lóru kan, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ má pa á.

Ní Sandy Springs, lápá àríwá Atlanta, láti oṣù Kẹfà 2019, ọlọ́pàá kì í lọ síbi ìpè àláàmù olè àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti fi àwòrán, ohùn tàbí ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àláàmù pe ìlú náà lẹ́jọ́, kóòtù àgbà ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Atlanta sì dá ìlú náà láre ní 2020. Ìlú Atlanta àti àwọn káúńtì yòókù ní òfin tiwọn lórí fíforúkọ àláàmù sílẹ̀ àti owó ìtanràn fún ìpè òfo. Ẹ bi ọlọ́pàá agbègbè yín kí àláàmù tó ké, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ yín á kọ́kọ́ pè yín kó tó pe ọlọ́pàá. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́, ṣé ti fóònù tí ẹ ti sọ nù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni? Ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi ti ẹnìkan tó ń gbé nítòsí ṣe ìkejì. Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí wọ́n máa béèrè. Bó bá sì jẹ́ àṣìṣe ni, tí ọlọ́pàá ti dé iwájú ilé, ẹ má sáré jáde, ẹ má mú ohunkóhun lọ́wọ́, kódà fóònù. Ẹ tan iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ yín, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilé. A mọ̀ pé kò dùn kí ènìyàn máa ṣàlàyé ara rẹ̀ nínú ilé tó fowó rà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá ní àlàáfíà.

Iṣẹ́ Sátidé yìí

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín pé ẹ fẹ́ dán àláàmù wò, kí wọ́n má pe ọlọ́pàá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí i. Ẹ yọ ìdérí sẹ́ńsọ̀ kan, ó yẹ kó ké pé wọ́n ń fọwọ́ kan òun. Ẹ yọ modem kúrò lára iná, kí ẹ tún ṣí ilẹ̀kùn kan: ṣé iṣẹ́ náà ṣì dé? Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná gbogbo ilé fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ wo bátìrì. Tí ẹ bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá tí a ń yí aago padà, ẹ kò ní gbàgbé.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ kó ìwé yín jọ. Wúrà àti iyùn ṣeé rà padà, owó àjọ ṣeé dá padà pẹ̀lú ìnira, ṣùgbọ́n bí olè bá gbé àpò tí Green Card, ìwé ọmọ-ìlú àti páspọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀, oṣù púpọ̀ ni ẹ ó fi máa dúró de Fọ́ọ̀mù I-90 tàbí N-565, owó ńlá sì ni. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ tojú-tẹ̀yìn, kí ẹ tọ́jú ìwé ọmọ-ìlú sínú àpótí báǹkì. Ẹni tó bá ní lẹ́tà tàbí àdéhùn àláàmù tí kò yé e, kó mú un wá sí ọ́fíìsì wa kó tó fọwọ́ sí i.